Àdúrà Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Jonah ń fọ ọ̀kadà rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé náà nígbà tí mọ́tò akérò kan já obìnrin kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìlọ́fà. Obìnrin náà kò béèrè pé ilé ta nìyí. Ó wo òrùlé páànù, ó wo igi máńgòrò, ó wo Bàbá Kọ́mọláfẹ́ tó jókòó síbi tí oòrùn ọyẹ́ ti ń yọjú, ó wá bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tó bá ẹbí rẹ̀ pàdé ní ìdálẹ̀.

“Bàbá! Ẹ̀yin gan-an nìyí! Ẹ kú àdúrà o. Ọlọ́run ti gbọ́ ọ.”

Susanna, ìyàwó Jonah, ń ro ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Tíṣà ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà, ojú tíṣà ló sì fi ń wo gbogbo ayé, ojú tó ń wá ẹni tó jí ṣọ́ọ̀kì gbé. Kò fẹ́ràn ẹ̀rín àlejò náà rárá. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn sí arúgbó tí kò mọ̀ rí, bí kò bá ta oògùn ẹ̀yìn ríro, á béèrè owó ọkọ̀. Ó sọ ọmọ orógùn sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó jáde.

“Ta nìyẹn?” ni Bàbá ń béèrè. Láti bí ọdún kan ni ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ohùn ló fi ń dá ènìyàn mọ̀.

“Badirat lorúkọ mi, Bàbá. Nọ́ọ̀sì ni mí l'Ékòó, mo ti fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ mi ni mo wá wò, kí n lè mọ ibi tí n ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí kí òjò tó dé.”

“Ilẹ̀ wo, Ìyá?” ni Susanna dá a lóhùn.

“Èyí tí mo rà lọ́wọ́ yín. Èyí tí Bàbá ṣàdúrà sí.”

Jonah tún bu omi sórí ọ̀kadà tó ti mọ́.

Obìnrin náà ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan jáde, ó yọ ìwé kan tẹ̀ lé e. Susanna gba ìwé náà kí ẹlòmíràn tó nawọ́. Wọ́n ya ilẹ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú rúlà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pé: Ìdílé Igbẹ́kọ̀yí, Ìlọ́fà, púlọ́ọ̀tì mẹ́ta, Ìdí Pèrègún, lẹ́bàá títì. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ ‘fún ìdílé’ sí, ìtẹ̀ka àtàǹpàkò kan ló wà níbẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí orúkọ, kò sí àmì mìíràn.

Ìdí Pèrègún! Oko yòókù tí ìdílé náà ní, òkè olókùúta ni, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Ìdí Pèrègún nìkan ló kan títì tó lọ sí Ọ̀sí. Níbẹ̀ ni òun ti ń kọ ebè lọ́dọọdún, nítorí pé owó oṣù tíṣà àti ti Jonah ní káńsù, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé, ṣùgbọ́n ikùn kì í dúró de ìjọba. Iṣu ibẹ̀ ló tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, Bólúwatifẹ́ àti àbúrò rẹ̀, dàgbà. Ibẹ̀ náà ló sì ti fi ojú inú wo yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan tí òun àti ọkọ òun yóò kọ́ bí àwọn bá fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá gba Ìdí Pèrègún lọ́wọ́ wọn, a jẹ́ pé ebi ti mọ ilé wọn nìyẹn.

“Bàbá, ṣé ẹ tẹ̀ka sí ìwé fún ẹnikẹ́ni rí?”

“Lórí ulẹ̀? Láé.” Bàbá Kọ́mọláfẹ́ kò jẹ́ kí ilé ìwé ọmọ rẹ̀ tàbí rédíò yí ahọ́n rẹ̀ padà. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà èwe rẹ̀ náà ló ń sọ ọ́ títí di òní. “Ulẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀, èmi ẹni tí ń lọ bá a, n ó wá lọ tà á?”

Àsìkò náà ni Ṣèyítán, àbúrò Jonah, jáde láti inú ilé pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ti Ìlọrin dé láti wá wo ojú Bàbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin ni pé ó ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò yáni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí náà ti mọ ibi tí ọkàn Susanna lọ. Ó wo kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ àlejò, ó wo Ṣèyítán, ó tún wo kásẹ́ẹ̀tì.

Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí lórúkọ rí. ‘Ọkọ mi kékeré’ ló ń pè é, kò sì sọ ‘ìwọ’ sí i rí, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ tí ìyàwó bá nílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣèyítán! Kí lo fi ilẹ̀ bàbá rẹ ṣe?”

Pákò já bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ẹwà, aládùúgbò wọn tó ń dín àkàrà lójúde, gbé agbada rẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹwà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù kó tó kàn án.

“Ẹ má bínú, ìyàwó wa,” ni Ṣèyítán wí jẹ́jẹ́. “Kí ni mo ṣe?”

“Ta ló mú oní-fídíò wá sí ìlú yìí ní Kérésì ìdúnta? Ta ló sọ pé ẹ jáde, ẹ jáde, àwọn ọmọ wa l'Ékòó àti l'Ókè Òkun fẹ́ rí ilé? Mi ò fi ọmọ ilé ìwé kọrin fún un? Bàbá kò dúró ní Ìdí Pèrègún nínú ọyẹ́, kó máa ṣàdúrà fún ẹni tí kò rí? A ò mọ̀ pé ọjà lo ń fi wá pa!”

“Èmi ni mo mú un wá, n kò sẹ́. Ọjọ́ ìlú ló wá yà. Ó yà á tán, ó lọ. N kò tún fojú kàn án mọ́.”

“Ẹni tó mọ̀wé kì í tẹ̀ka,” ni Susanna wí, ó ń mi ìwé náà lójú rẹ̀. “Akọ̀wé káńsù ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ta ni kò parí fọ́ọ̀mù tú nínú ilé yìí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ṣèyítán. Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n Jonah ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi àkísà nu ẹsẹ̀ ọ̀kadà.

“Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà,” ni Ẹwà sọ láti ìdí agbada rẹ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Inú ń bí Susanna gidigidi. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

“Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Èmi kò ní kí ẹ lé ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta ilẹ̀ yìí nínú wọn, inú ìpín tirẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ mọ irú ẹni tí àwọn ń bá gbé.”

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. “Jonah, o gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ wí?”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Ṣèyítán?”

“Mo gbọ́. Mo sì fara mọ́ ọn.”

“Ó dára. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀dọ̀ ìyàwó wá, èmi náà gbà á.” Ó yíjú sí ibi tí ó ti gbọ́ ohùn Badirat gbẹ̀yìn. “Àlejò ṣì wà lóòró láti àárọ̀. Ẹ fún un lónjẹ ná.”

Kí lẹ fẹ́ kí Susanna ṣe? Ó bu ògì, ó ra àkàrà lọ́wọ́ Ẹwà. Ẹwà fi méjì ṣe ènì kó lè jókòó tì wọ́n. Bí obìnrin náà ti ń jẹun ni Susanna ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo òrùka rẹ̀, ó wo bí ó ti ń bù. Bí ó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ni, gbájúẹ̀ tí ebi ń pa ni, nítorí pé ó jẹ àkàrà náà tọkàntọkàn, ó sì ṣàdúrà fún ọwọ́ tó dín in.

“Báwo ni wọ́n ṣe rí yín, Ìyá?”

“Kásẹ́ẹ̀tì yìí ni wọ́n ń gbé kiri,” ni Badirat wí. “Wọ́n á wá sí pálọ̀ ẹnì kan ládùúgbò, wọ́n á pe àwa tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, ẹ kò nílò láti náwó ọkọ̀, ẹ wo ilẹ̀ yín lórí ìjókòó. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Òkè ibẹ̀ tù mí lójú. Ọjà wà níbẹ̀, títì wà, omi wà. Mo sọ fún ara mi pé ariwo Èkó ti tó. Ṣùgbọ́n Bàbá yìí gan-an ló mú ọkàn mi. Mo ní ẹni tó ní irú ohùn yìí kò lè purọ́ fún mi.”

“Ibo làwọn tó tà á fún yín wà báyìí?”

“Mo dé ọ́fíìsì wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan ti ń ta ilẹ̀kẹ̀ níbẹ̀.”

Ẹwà pòṣé títí tí ewúrẹ́ fi gbọ́. Susanna náà fẹ́ pòṣé, ṣùgbọ́n ó tún bu ògì sí abọ́ àlejò náà. Ó ti ń fẹ́ kórìíra obìnrin yìí láti àárọ̀, ìkórìíra náà kò sì fẹ́ gbà.

Ní ọ̀sán, gbogbo wọn kọjá sí ilé Mùhísínì tó kọjú sí tiwọn. Télọ̀ ni Mùhísínì, òun nìkan ló ní fídíò àti jẹnẹrétọ̀ lójú pópó yẹn. Jonah ní òun kò lè wá, ó ní táyà ẹ̀yìn ń jò. Susanna di apá Bàbá mú rékọjá títì, Ṣèyítán ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí wọ́n mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mùhísínì ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu ẹ̀rọ. Orin dún, àwòrán yọ, ọkùnrin kan tí wọn kò rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dídùn. Ó ní ìlú tuntun ń bọ̀, ìlú ìsinmi, níbi tí gbogbo nǹkan wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni.

“Títì ọ̀dà nìyẹn,” ni Badirat wí. “Ó kọjá níwájú ilẹ̀ náà, àbí?”

“Títì Ọ̀sí ni,” ni Mùhísínì wí. “Ọ̀dà tiwa ti wọlẹ̀ tipẹ́.”

“Ọjà yìí ńkọ́? Wọ́n ní ẹsẹ̀ lèèyàn ń fi rìn débẹ̀.”

“Ọjà Òkè-Òpin!” Ẹwà pa àtẹ́wọ́. “Ẹ wo ìyá Adédọlápọ̀ nídìí ata! Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ibí, ọjà á ti tú kó tó dé.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Táńkì omi tó wà níwájú káńsù yọ, táńkì tí omi kò kán nínú rẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kòrò yọ, wọ́n sì gbé òkè ibòmíràn tì í bíi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Àwọn oníjìbìtì náà bu ìlú bíi mẹ́rin, wọ́n rò ó pọ̀ bí ọbẹ̀, wọ́n wá bù ú fún arúgbó tó fi ogójì ọdún fọ ojú egbò l'Ékòó. Bí wọ́n ti ń dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan ni ọrùn Badirat ń rọ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá gba inú yàrá. Ó dúró ní Ìdí Pèrègún pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, koríko gbígbẹ yí i ká, ọyẹ́ bo òkè lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹnikẹ́ni tó bá rí mi níbi yìí, tó wá kọ́lé sórí ulẹ̀ yìí, kò ní kọ́ ọ kù. Ulé náà á tù ú. Ulẹ̀ yìí á gbà á tọmọtọmọ. Lórúkọ Jésù.”

“Àmín,” ni Badirat wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bàbá ti gbé orí sókè, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Mùhísínì tẹ orí ba, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó ń rò. Bàbá Mùhísínì, bí àlejò ló ṣe dé Ìlọ́fà láti apá Ìlọrin. Kò sí ìwé, kò sí ìtẹ̀ka. Bàbá tó bí Kọ́mọláfẹ́ ló dúró lórí ilẹ̀ tí wọ́n jókòó sí yìí, ó ṣe àdúrà ìkọ́lé fún un, ó parí. Ní ìdílé Igbẹ́kọ̀yí, ẹni tí olórí ilé bá ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún, wọn kì í lé e mọ́. Ọdún márùndínlógójì rèé, kò sẹ́ni tó tún bi Mùhísínì léèrè ibi tó ti rí ilẹ̀.

Àwòrán yí padà. Ìdí Pèrègún náà ló tún yọ, àwọn èèkàn funfun wà lórí rẹ̀, ohùn dídùn náà ń ka púlọ́ọ̀tì. Susanna dìde dúró.

“Mùhísínì, ẹ dá a padà sẹ́yìn.”

Ó dá a padà. Bàbá, nínú koríko gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, èèkàn funfun. Láàárín àwọn èèkàn náà, iṣu Susanna ló gun ọ̀pá rẹ̀ lọ sókè, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe Kérésì. Ọmọ ìlú ńlá lè wo ewé tútù àti koríko gbígbẹ kó má mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti kọ ebè rí tí kò ní mọ̀ pé oṣù kẹjọ nìyẹn. Oní-fídíò náà padà wá ní oṣù kẹjọ. Ẹnì kan ló mú un dé oko.

Ní ìdí àwòrán náà, lápá òsì, wọ́n fi ẹ̀wù òjò kan kọ́ orí ọ̀pá iṣu. Aláwọ̀ ìyeyè ni, irú èyí tí káńsù pín fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi aṣọ búlúù lẹ̀ ẹ́, nítorí pé télọ̀ kò rí ìyeyè.

Mùhísínì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yára na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó ní kí àwọn pa á.

“Má pa á,” ni Bàbá wí. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ mọ́? Ìyàwó, èmi kò ríran. Kí lo rí?”

Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìnkùlé. Ẹwà, tí kò dákẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, wo ilẹ̀. Ṣèyítán ti rí i, ó kàn ń wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Susanna mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bí òun bá ní koríko gbígbẹ ni, kò sẹ́ni tí yóò já òun nírọ́ lójú Bàbá nínú yàrá yìí. Wọ́n á fi ojú dá a mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ ọ́. Ìdí Pèrègún á ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ òun. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò fẹ́ ẹ.

Ó wo Badirat. Obìnrin náà ti fi ìborí rẹ̀ bo ẹnu.

“Iṣu ni mo rí, Bàbá,” ni ó wí. “Ewé rẹ̀ tutù.”

“Uṣu. Oṣù kẹjọ nìyẹn.” Bàbá rò ó wò. “Oṣù kẹjọ èṣí, ìwọ kò sí nílé.”

“Mo wà ní Ìlọrin, Bàbá. Kọ́ọ̀sì tí àwa tíṣà ń ṣe ní ọlidé.”

“Ṣèyítán ńkọ́?”

Susanna di etí ìró rẹ̀ mú. “Ọ̀kadà ló gbá a ní Ìlọrin. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú P.O.P. fún oṣù méjì. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé ògì lọ fún un ní ọsibítù.”

Òun fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n láti àárọ̀, kò sì rántí, nítorí pé kò fẹ́ rántí. Ojú tì í débi pé kò lè yíjú sí ibi tí ọkùnrin náà jókòó sí.

Gbogbo wọn ń retí ìbéèrè kẹta. Bàbá kò béèrè rẹ̀. Ó fi ọ̀pá wá ilẹ̀, ó dìde. “Ẹ mú mi lọ sílé.”

Jonah ṣì wà nídìí ọ̀kadà. Táyà náà le koko, kò jò. Oṣù kẹsàn-án èṣí ló gbé ọ̀kadà yẹn wálé, ó ní káńsù yá òun lówó. Láti ọjọ́ náà ni Susanna ti ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ilé ìwé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i kú oríire. Ó wo ìjókòó ẹ̀yìn tó ń dán.

Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀. “Ìyá Èkó, sún mọ́ mi. Ẹnu mi ni mo fi ṣe àdúrà yẹn. Mo ní ẹnikẹ́ni. Èmi kò ní pe àdúrà padà nítorí pé olè gbà á lọ tà. Ulẹ̀ rẹ wà.”

“Bàbá…” Badirat kúnlẹ̀, kò lè parí rẹ̀.

“Ìdí Pèrègún, apá ìsàlẹ̀, lẹ́bàá títì. Níbi tí uṣu Tíṣà wà. Ìpín Jonah ni.”

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Jonah.

“Bàbá,” ni Susanna wí, omi ti dé ojú rẹ̀, “àwọn ọmọ ń jẹ níbẹ̀.”

“Mo mọ̀.” Ohùn Bàbá kò le, ó rọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, ìyẹn ló sì mú kó nira jù. “Ìwọ lo dá a, ìyàwó. Ìwọ lo ní inú ìpín ẹni tó bá tà á. Ẹyin lohùn.”

Kí ni Susanna fẹ́ sọ? Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ti ìyàwó tó dúró tì í lẹ́yìn.

Ṣèyítán ló sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a pín in. Kí ẹ yọ ìlàjì nínú tèmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú oní-fídíò náà wá.”

Ó dun Susanna ju bí ẹni pé ó bú u lọ. “Rárá,” ni ó wí. Ó yíjú sí i, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú ọmọ tí kò jù ú lọ lọ́jọ́ orí. “Rárá, ọkọ mi kékeré. Ẹ ṣeun. Ẹ má bínú sí mi.”

“Ẹ dìde, ìyàwó wa. Ó ti tán.”

“Tíṣà,” ni Bàbá wí, “mú bébà wá. Kọ ọ́, kí àwọn ọmọ wa má ṣe lé obìnrin yìí bí mo bá ti lọ.”

Ó lọ mú ìwé. Ó jókòó sórí àpótí àkàrà Ẹwà, ó fi lẹ́tà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ tó fi ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní kọ ọ́: ilẹ̀ tí wọ́n fi fúnni, ẹni tí wọ́n fún, ìpín ẹni tí wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí ó dé orúkọ ọkọ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Jonah gba bírò láti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára lóòótọ́.

“Gbé bírò sílẹ̀,” ni Bàbá wí. “Páàdì tàdáwà ọ́fíìsì rẹ wà nínú báàgì rẹ. Bí o ṣe ṣe ti àkọ́kọ́ ni kí o ṣe èyí.”

Akọ̀wé káńsù tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà lójú ìyàwó rẹ̀, lójú àbúrò rẹ̀, lójú Ẹwà àti Mùhísínì. Badirat na ìwé tó mú wá láti Èkó sí Susanna. Susanna kò gbà á. Kò nílò láti fi méjèèjì wéra.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó gún iyán. Àlejò náà ló kọ́kọ́ bù fún, ó fi ẹran tó tóbi jù sí i, lẹ́yìn rẹ̀ Bàbá, lẹ́yìn rẹ̀ ọkọ rẹ̀ kékeré. Ó wá bu omi ìṣanwọ́ fún Jonah. Jonah fọ ọwọ́ náà, ó tún un fọ̀, ó fi ọṣẹ tó fi ń fọ ọ̀kadà fọ̀ ọ́. Tàdáwà náà kò kúrò. Ó fi ọwọ́ náà bu òkèlè iyán Ìdí Pèrègún, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.